Òjò Dé, Ọkọ̀ Gòkè: Ohun Tí Mo Rí Ní Etí Ọ̀sà Bàríga

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí pé, "Èwo ni tiwa nínú ọkọ̀ olówó?" Ẹ fara balẹ̀. Èmi náà kò ní ọkọ̀. Ní Ṣómólú tí mo ń gbé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń jí mi láràárọ̀, kì í ṣe ìró omi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú oṣù Ọ̀pẹ tí ó kọjá ni ó sọ mí di ẹni tí ó ń jókòó ti àwọn mẹkáníìkì etí ọ̀sà.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó ní ọkọ̀ fáíbà kékeré tí ó fi ń ṣe fàájì. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà ni ó ti fà á gòkè, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, ó nu eruku ara rẹ̀, ó ra bẹntiróòlù, ó ní kí á jẹ́ kí á lọ ṣeré ní Tarkwa Bay. Àwa méje ni a wọ inú ọkọ̀ ní etí omi Bàríga, ọmọ ọdún mẹ́fà tí àǹtí mi bí sì wà láàárín wa. A kò tíì rìn jìnnà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì wà nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lórí ọ̀sà kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣe rí. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn mọ́tò lórí afárá, ẹ ó máa rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń lọ sílé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì rí yín. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ, a kò sì ní àjẹ̀ kankan. Láífù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ni ó wà nínú ọkọ̀. A wọ ọ̀kan fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ni. Bí a bá fà á díẹ̀, ó ń yọ gba orí rẹ̀. Mo tú ìborùn mi, mo gbà á kọjá láàárín itan rẹ̀, mo sì so ó mọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà níwájú àti lẹ́yìn. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Apẹja kan tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà Makoko ni ó ju okùn sí wa. Ọkọ̀ pákó ni tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní ìdí rẹ̀ sì lè dàgbà jù mí lọ. Òun ni ó fa ọkọ̀ olówó padà sí Bàríga.

Ní àdúgbò tí àwọn ará Ìlàjẹ pọ̀ sí létí omi níbẹ̀, a rí mẹkáníìkì kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá. Ó ṣí ẹ́ńjìnnì náà, ó yọ rọ́bà kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìmpẹ́là ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó máa ń fa omi ọ̀sà sókè kí ara ẹ́ńjìnnì lè tutù. Rọ́bà náà ti gan, etí rẹ̀ ti gé dànù. Bàbá wo ẹni tí ó ni ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ pa á. Ọjọ́ tí ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ni ó ti kú. Òní ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."

Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá wọn nínú oṣù Òkúdu yìí, nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fa ọkọ̀ náà gòkè. Bàbá rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì sọ mí lórúkọ lójú ẹsẹ̀: "Akọ̀wé, ẹ súnmọ́ ìhín. Ẹ máa kọ ọ́ dáadáa."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń sinmi nígbà òjò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó, omi náà á sì níyọ̀. Bí òjò bá ti dé, Odò Ògùn, Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn á gbé omi tútù àti pàǹtírí wọlé, iyọ̀ á dínkù, water hyacinth á sì bo ojú omi lọ rẹrẹẹrẹ. (Èyí kì í ṣe ojú oró tàbí òṣíbàtà tí àwa ń fi ṣe àdúrà o. Àjèjì láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ọdún 1984 sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní agbègbè Badagry.) Ó máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìjì àti ìrugùdù omi náà kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi fàájì wò. Nítorí náà, àwọn ọlọ́kọ̀ fàájì á gòkè títí di oṣù Bélú. Apẹja ní tirẹ̀ kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí ó fi ń tọ́jú tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Iyọ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ kọjú sí. Ó gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sínú àgbá tí ó kún fún omi kànga, ó sì tan án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi tútù lè fọ inú rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí omi ti ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ọmọkùnrin ń tọ̀. "Bí èyí kò bá jáde, ẹ pa á kíákíá." Láéláé, a kì í tan ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ láìsí omi; ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ti tó láti ba rọ́bà ìmpẹ́là jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó yọ páìpù epo, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jẹ èyí tí ó kù nínú kábúrétọ̀ tán títí ó fi kú fúnra rẹ̀. Bẹntiróòlù tí ó bá pẹ́ lórí ìjókòó máa ń di ohun tí ó ń lẹ̀ bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò wọn, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ́ìlì náà lè kárí, ó sì dá wọn padà.

Ibi ọ́ìlì gíà ni mo ti rí ohun tí n kò ní gbàgbé. Skúrù méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ó tú ti ìsàlẹ̀ kí ó tó tú ti òkè, ọ́ìlì náà sì ń ṣàn bọ̀ bí ògì tí a fi mílíìkì sí. Bàbá mi orí. Omi ti wọlé. Ó tú abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì, a sì rí okùn ìpẹja tín-ín-rín tí ó ti wé mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì ti gé rọ́bà tí ó yẹ kí ó lé omi sẹ́yìn. Ká ní wọ́n gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù márùn-ún ni, gíà náà ì bá dípẹtà pátápátá. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà. Nígbà tí ó ń rọ ọ́ìlì tuntun, láti ihò ìsàlẹ̀ ni ó ti tì í wọlé títí ó fi yọ lókè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Ó tún pààrọ̀ ègé síǹkì tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ó ti jẹ kọjá ìdajì. Iṣẹ́ síǹkì náà ni kí omi iyọ̀ máa jẹ ẹ́ dípò irin ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá kùn ún lọ́dà nítorí ẹwà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di asán.

Àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá irú ẹ́ńjìnnì báyìí wá máa ń kìlọ̀ nípa omi tí ó ń di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì. Ní ìlú òyìnbó nìyẹn. Ọ̀tá tiwa ní Bàríga ni ọ̀rinrin. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán kí omi inú rẹ̀ lè ro dànù, bátìrì á wọlé, a ó sì máa gbaná sí i lóṣooṣù. Wọ́n ṣí ihò ìdí ọkọ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ ga ju ìdí lọ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, wọ́n sì fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbọ́ èyí: ọkọ̀ tí omi dá sí nínú ọgbà ilé, ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí ni.

Ó wá ku tírélà. Kì í ṣe tírélà eléjò tí ó ń dènà ní Ikorodu Road ni mò ń wí, irin onítáyà méjì tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ni. Bí ó bá rin ọ̀nà jíjìn, bérìn inú táyà rẹ̀ á gbóná; bí wọ́n bá wá tì í wọ omi bẹ́ẹ̀ láti sọ ọkọ̀ kalẹ̀, òòrùn inú rẹ̀ á tutù lójijì, á sì fa omi mu. Ọ̀pọ̀ táyà ni ó ti yọ dànù lójú títì nítorí èyí. Bàbá tú bérìn, ó fọ̀ ọ́, ó fi gírísì tuntun kún un. Ó gbé tírélà lé búlọ́ọ̀kù kí táyà má baà fi ẹ̀gbẹ́ kan gbé ẹrù fún oṣù márùn-ún. Ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2314. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ ṣì nípọn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti sán. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kùn díẹ̀ nítorí owó, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fọ àwọn láífù jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sá wọn sórí okùn. Mẹ́jọ ni wọ́n báyìí, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọdé, tí wọ́n ní okùn tí ń gba àárín itan kọjá. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọjọ́ náà sí ara ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì kọ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ náà ni a ó tún pàdé nídìí àgbá omi, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Tarkwa Bay.