Níbo Lẹ Fi Ẹ̀dà Pamọ́ Sí?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dá ọ́fíìsì sílẹ̀, tí ẹ so kọ̀ǹpútà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pọ̀ mọ́ra wọn, ìbéèrè kan ni mo ní. Bí olè bá já ilẹ̀kùn yín lóru òní, tó kó gbogbo ẹ̀rọ lọ, kí lẹ fẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà yín láàárọ̀ ọ̀la? Níbo lẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ wọn pamọ́ sí?

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀. Ẹ ó ní háàdì dísíìkì kan wà. Níbo ló wà? Ó wà lórí server, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Háà! Olè tó gbé server, ṣé yóò fi háàdì dísíìkì sílẹ̀ fún yín ni? Òrùlé tó jò sórí ọ̀kan, ṣé kò ní jò sórí èkejì? Bí NEPA bá dá iná padà pẹ̀lú agbára òjijì, ta ni yóò yọ? Ohun tó wà nínú yàrá kan náà, tó ń fa iná lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kì í ṣe ẹ̀dà. Mo tún wí: kì í ṣe ẹ̀dà.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹ mọ̀. Ẹ kàwé jù wá lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n; ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì pé, kí ló dé tí ogun yìí fi ń pa yín? Ẹ rówó ra ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ rówó ra àga onífóòmù, ẹ rówó fi iná kọ orúkọ yín sára ògiri. Háàdì dísíìkì kejì ni ẹ kò rówó rà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyá tó ń dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ìgbà tó ti ń gbé ọmọ pọ̀n, bí àkọsílẹ̀ bá sọnù lọ́wọ́ yín, ta ni yóò jẹ́rìí iye tó ti dá? Ṣé ojú kò ní tì yín?

Àwọn baba wa kò ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ìtàn Ọ̀yọ́ wà lẹ́nu àwọn arókin láàfin, kò sí lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Odù Ifá 256 wà lórí babaláwo tó pọ̀ ní ìlú tó pọ̀. Bí wọ́n bá péjọ, wọ́n á kì í létí ara wọn, ẹni tó bá ṣì í kì, ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún un ṣe. Ẹ̀dà púpọ̀, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Kí ni wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì tó ju èyí lọ?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Àlùfáà Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ní 1899 ìwé náà lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Bí kì í bá ṣe pé ó fi àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílé, à bá ti gbàgbé. Àwọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, gbé kalẹ̀ tó fi tún ìwé náà kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ẹ̀dà tó wà nílé ló gbà wá, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tó jẹ. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí iṣẹ́ yín bá parẹ́, ọjọ́ mélòó lẹ lè fi jókòó kí ó tó padà? Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó lẹ lè fi ṣòfò? Ẹni tí kò tíì dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní Google Drive ń bá òun kọ ọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe àwòkọ lójú ẹsẹ̀ yóò ṣe àwòkọ ìparun náà lójú ẹsẹ̀. Ní June 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya wọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Maersk. Àwọn server tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ wà káàkiri ayé, wọ́n ń kọ ohun kan náà sára ara wọn, gbogbo wọn sì parẹ́ pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yè, ní Gánà, torí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé! Wọ́n ní láti gbé háàdì dísíìkì náà fò wá sí Nàìjíríà, kí ẹlòmíràn tó gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àìsí iná ló kó ilé iṣẹ́ ńlá yẹn yọ. Ẹ̀dà tí wáyà kò so mọ́ nǹkan kan ni ẹ̀dà.

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ọ́fíìsì. Ẹ ra háàdì dísíìkì méjì tí yóò máa pààrọ̀ ara wọn lọ́jọ́ Ẹtì: bí ọ̀kan bá wọlé, kí èkejì bá ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ sílé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, torí Òfin Ààbò Dátà ti 2023 sọ pé ẹni tó gba dátà ọmọlàkejì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú láptọ́ọ̀pù kan náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa fi òru rán ohun tó yí padà nìkan, kí owó dátà má bàa pa yín. Ẹ má sì gbára lé e nìkan: ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú mọ́ àwọn báńkì lára.

Kí ẹ sì dán an wò! GitLab, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì pa dátà rẹ́, ní January 31, 2017, wọ́n rí i pé kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà tí ẹnì kan ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú-àdá. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì jáde láti inú ẹ̀dà, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ kà á.

Ọ̀gá ọ́fíìsì, ìwọ lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Má sọ pé iṣẹ́ ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni. Orúkọ tìrẹ ni àwọn èèyàn rí kí wọ́n tó kó ìwé wọn lé ọ lọ́wọ́. Yan ẹnì kan, fún un lówó, kí o sì máa bi í léèrè ní gbogbo ọjọ́ Ajé.