Ẹ̀wọ̀n Gómìnà Àná: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Dárí Jì?

Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, Adájọ́ Adébùkọ́lá Bánjókòó ti Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Àbújá rán Jolly Nyame lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Àlùfáà ìjọ Ọlọ́run ni ọkùnrin yìí, òun sì ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Taraba láti ọdún 1999 títí di 2007. Owó tí ẹjọ́ náà dá lé lórí lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà.

Nínú ẹ̀sùn 41 tí àjọ EFCC fi kàn án, ilé-ẹjọ́ rí i pé ó jẹ̀bi 27. Èyí tí ó wúwo jù ni pé ó da ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e, tí wọ́n sì fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ìdájọ́ náà pẹ́ kí ó tó dé. Láti ọdún 2007 ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àtakò rẹ̀ sí ìgbẹ́jọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọdún 2010, kò sì borí. Lẹ́yìn ìdájọ́, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín ẹ̀wọ̀n náà kù sí ọdún 12, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2020.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Buhari àti Ìgbìmọ̀ Àgbà Orílẹ̀-èdè dárí jì í, pẹ̀lú Joshua Dariye, gómìnà Plateau tẹ́lẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n jáde. Ìgbẹ́jọ́ gba ọdún 11. Ẹ̀wọ̀n kò pé márùn-ún.

Òfin fún Ààrẹ ní agbára yìí ní abala 175 ìwé òfin ọdún 1999, àánú sì dára. Ṣùgbọ́n ta ni a ṣẹ̀? Àwọn ará Taraba, tí owó wọn sọnù, ni. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Bí ilẹ̀kùn àánú bá sì ń tètè ṣí fún gómìnà, ẹni tí ó jí ewúrẹ́ nítorí ebi yóò béèrè ohun tí ó dé tí tirẹ̀ fi wà ní títì.

Síbẹ̀, ohun kan kò yí padà. Ilé-ẹjọ́ mẹ́ta ni ó sọ pé ó jẹ̀bi, ìdáríjì kò sì sọ pé kò ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tí àpò ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ rántí èyí. Kí àwa pẹ̀lú tí a ń dìbò má ṣe fi oyè ẹni rọ́pò ìwà rẹ̀.