Ẹ Má Tíì Ju Eyín Yẹn Nù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ta ni nínú wa tí kò ju eyín sórí òrùlé rí? Wọ́n ní kí alángbá má rí i, kí òmíràn lè hù. Eyín ọmọdé nìyẹn. Ti àgbàlagbà kì í hù mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń jù ú nù.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa sin ìyá rẹ̀ àgbà lọ yọ eyín ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Wọ́n yọ ọ́ tán, màmá béèrè pé, "Dókítà, eyín mi dà?" Wọ́n ní, "Ó ti wọ garawa, mà." Wọ́n kọ oògùn fún wọn, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún màmá pé egungun tó gbé eyín náà dúró yóò máa jó rẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láàárín oṣù 12, egungun ojú ibẹ̀ lè pàdánù nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, oṣù 3 àkọ́kọ́ ló sì máa ń yá jù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn àgbà mìíràn fi ń wọnú, tí eyín àtọwọ́dá kì í fi í jókòó dáadáa lẹ́nu wọn.

Eyín tí a yọ yẹn gan-an lè ṣèrànwọ́, nítorí èròjà inú rẹ̀ jọ ti egungun. Láti ọdún 1967 ni Marshall Urist àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn lára ẹranko pé eyín lè mú kí egungun tuntun hù. Lóde òní, dókítà á fọ eyín náà, á ha ibi tó jẹrà kúrò, á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ bíi gaàrí, á fi oògùn pa kòkòrò ara rẹ̀, á sì dà á padà sínú ihò. Díẹ̀díẹ̀, egungun á gba ipò rẹ̀.

A ò sọ pé gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Eyín tó ṣeé tọ́jú, kí a má yọ ọ́ rárá. Kì í ṣe gbogbo eyín ló dára fún un, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ náà, owó sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ màmá ni láti gbọ́ kí wọ́n tó la ẹnu: "Egungun yín máa jó rẹ̀yìn, mà. Ọ̀nà wà tí a lè gbà dín in kù. Èló rèé." Èwo ló le níbẹ̀ tí Yorùbá ò lè sọ?

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ jẹ́ ká kọ ojú ìwé kan péré, kí àwọn dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ bá àwọn òbí yín dé ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.