Géèmù lórí Linux àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn

Géèmù lórí Linux ni ṣíṣe eré fídíò lórí kọ̀ǹpútà tí ètò Linux ń darí dípò Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft. Linux jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹnikẹ́ni ni ó lè lò ó, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, tàbí kí ó tún un ṣe. Fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún ni àwọn ènìyàn fi gbà pé Linux dára fún iṣẹ́ ṣùgbọ́n kò wúlò fún eré. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìwádìí oṣooṣù tí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe láàrin àwọn oníbàárà rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ń lo Linux lé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Iye náà kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Windows tí ó lé ní ìdá 90, ṣùgbọ́n Linux kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà gan-an ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Fún àdúgbò bíi Ìsàlẹ̀ Òsì ní Ìbàdàn, níbi tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè tó, ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì so mọ́ ara wọn.

Ìtàn ní ṣókí

Géèmù kì í ṣe àlejò lórí Linux. Doom, eré ìbọn tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé jáde ní ọdún 1993, dé orí Linux ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1998 ni a dá Loki Software sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa sọ àwọn géèmù Windows di ti Linux. Owó tí ń wọlé kò tó nǹkan, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní ọdún 2002. Ìṣòro tí ó bá Loki jà kò yé yọjú lẹ́yìn rẹ̀: àwọn oníbàárà kò wá nítorí pé géèmù kò pọ̀, àwọn tí ń ṣe géèmù náà kò sì wá nítorí pé oníbàárà kò pọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Valve tí ó ni Steam, èyí tí Gabe Newell jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ọjà náà sílẹ̀ fún Linux. Ní ọdún 2015 ni àwọn kọ̀ǹpútà tí a pè ní Steam Machine jáde pẹ̀lú Linux nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tà. Valve ti retí pé àwọn tí ń ṣe géèmù yóò máa ṣe ẹ̀yà ti Linux fúnra wọn, díẹ̀ nínú wọn ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: ìjákulẹ̀ yẹn ni ó kọ́ Valve láti dẹ́kun ẹ̀bẹ̀, kí ó sì wá ògbufọ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀

Ògbufọ̀ náà ni Proton, tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018. Orí Wine, iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ni a kọ́ ọ lé. Géèmù tí a ṣe fún Windows a máa pàṣẹ ní èdè Windows: ṣí fáìlì yìí, gbé ohùn yìí jáde, ya òjìji sí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù yìí. Linux kò gbọ́ èdè náà. Proton a máa gba àṣẹ kọ̀ọ̀kan, a sì sọ ọ́ ní èdè tí Linux gbọ́. Ní ti àwòrán, DXVK, ètò tí Philip Rebohle bẹ̀rẹ̀, ni ó ń túmọ̀ èdè àwòrán Microsoft tí a ń pè ní DirectX sí Vulkan, èdè àwòrán tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ó jáde ní ọdún 2016. Nítorí pé ìtumọ̀ ni, tí kì í ṣe pé a ń fi kọ̀ǹpútà kan sín òmíràn jẹ, eré náà kì í falẹ̀ púpọ̀. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ falẹ̀ rárá.

Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé tí Valve bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní oṣù Kejì ọdún 2022, ni ó sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé rí. Linux ni ó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù Windows ni ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀ pé ògbufọ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Valve kéde Steam Machine tuntun.

Ilẹ̀kùn tí a tì

Ìdíwọ́ tí ó tóbi jùlọ báyìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ bí kò ṣe ti ìyọ̀ǹda. Àwọn géèmù tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa ní ètò adènà màgòmágó tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà olùdíje. Àwọn kan nínú ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a máa wọ ìsàlẹ̀ ikùn Windows lọ, níbi tí ètò mìíràn kì í dé. Lórí Linux, ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà lè tún ìsàlẹ̀ ikùn náà ṣe bí ó bá ti wù ú. Òmìnira yìí gan-an ni àwọn onígéèmù kan kò fọkàn tán.

Ní ọdún 2021, Easy Anti-Cheat àti BattlEye, méjì nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a ń lò jùlọ, fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Proton, ṣùgbọ́n onígéèmù kọ̀ọ̀kan ni yóò pinnu bóyá òun yóò ṣílẹ̀kùn. Àwọn tí ó ni Fortnite kọ̀. League of Legends di èyí tí kò ṣeé gbá lórí Linux mọ́ ní ọdún 2024 nígbà tí a fi ẹ̀ṣọ́ Vanguard sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Apex Legends, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lé àwọn onílinux jáde. Àwọn onígéèmù náà ṣàlàyé pé àwọn oníjìbìtì ń gba ọ̀nà Linux wọlé.

Èyí tí ó kan àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jùlọ ni bọ́ọ̀lù. Láti orí FIFA 23 tí ó jáde ní ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ EA ti ń fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sínú eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, tí orúkọ rẹ̀ di EA Sports FC ní ọdún 2023. Ẹ̀ṣọ́ náà kò gba Linux. Ẹni tí ó bá fi Linux sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí àtigbá EA Sports FC tuntun yóò kàn pòfo ni.

Ipò náà ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Ìsàlẹ̀ Òsì wà nínú Ìbàdàn àtijọ́, ní sàkáání Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà. Ayò ọlọ́pọ́n ni eré tí a jogún bá. Bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ni ti ìran òde òní, lórí fóònù tàbí ní ilé géèmù tí a ti ń sanwó fún PlayStation ní eré kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni pé kókó Linux ni ó wà nínú gbogbo fóònù Android. Ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí Android ní Bẹẹrẹ ti ń lo Linux, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù fóònù àti ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní ti kọ̀ǹpútà, Windows 11 ń béèrè fún ẹ̀yà ààbò TPM 2.0, àti prósẹ́sọ̀ Intel ìran 8, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, tàbí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń tà ní Ìwó Road àti níbòmíràn ní Ìbàdàn kò dé ìwọ̀n yìí. Linux lè mú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọdún púpọ̀ sí i, pẹ̀lú àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rúnjú. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni DXVK tuntun ti ń béèrè fún Vulkan 1.3. Káàdì àwòrán inú Intel ìran 6 ti ọdún 2015 ní in. Èyí tí ó wà nínú ìran 4 ti ọdún 2013 kò ní in tó bí ó ti yẹ. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà tí ó gbó jùlọ, tí Linux ṣe pàtàkì fún jùlọ, ni ògbufọ̀ kì í lè bá sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìran 6 pàápàá, eré kéékèèké àti ti àtijọ́ ni ó lè gbé. Kò lè gbé èyí tí ó wúwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà gbọdọ̀ béèrè ìran prósẹ́sọ̀ rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Owó ni ìdíwọ́ kejì. Náírà kò sí lára àwọn owó tí Steam fi ń díye lé ọjà. Dọ́là ni a fi ń rà á ní Nàìjíríà. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, géèmù $60 kò ju nǹkan bí ₦28,000 lọ. Ní ìwọ̀n ₦1,500 sí dọ́là kan, ó di ₦90,000, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jùlọ lábẹ́ òfin ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Dátà tún wà níbẹ̀: àwọn géèmù ńláńlá kan lé ní gígábáìtì 100, àjọ NCC sì fọwọ́ sí àfikún tí ó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025.

Nítorí náà, ohun tí Linux ní fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìsàlẹ̀ Òsì lónìí kò ju géèmù àtijọ́ àti géèmù ọ̀fẹ́ lọ. The Battle for Wesnoth, eré ogun onímọ̀ràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, àti SuperTuxKart, eré ìfi-mọ́tò-sáré, kò béèrè kọ̀ǹpútà alágbára. Òfin sì gbà kí a dà wọ́n kọ láti orí fílásì kan sí òmíràn, tí ẹnì kan yóò fà wọ́n wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ogún ènìyàn.

Àwọn tí ń ṣe géèmù

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda yìí kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣeré nìkan. Abiola Olaniran dá Gamsole sílẹ̀ ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tí ó gbajúmọ̀ fún géèmù orí Windows Phone. Kò pẹ́ tí Microsoft fi jáwọ́ nínú Windows Phone, ọjà náà sì tú ká. Iṣẹ́ àwọn tí ó ṣe géèmù dára, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọjà kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ náà lónìí lè lo Godot, ètò ọ̀fẹ́ fún ṣíṣe géèmù tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Argentina, tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2014. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, géèmù tí a bá fi ṣe é a sì lè jáde fún Android, Windows àti Linux bákan náà.

Ìtúpalẹ̀

A kò tún lè sọ pé Linux kò lè gbé géèmù. Ìbéèrè tí ó kù ni ẹni tí ó ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà: ẹni tí ó rà á ni, tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó fi ẹ̀ṣọ́ sínú rẹ̀? Bí iye àwọn onílinux bá ń pọ̀ sí i, yóò ṣòro fún àwọn onígéèmù láti máa tìlẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìdá 3 kò tíì tó láti fipá ṣí i. Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ẹni tí bọ́ọ̀lù EA jẹ lógún yóò ṣì máa lọ sí ilé géèmù. Ẹni tí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, kí ó ṣeré díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ rẹ̀ má sì di àkísà, ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.