Agogo Ìdágìrì Tí Ń Dún Lásán: Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Onílé-Iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

Ẹyẹ kì í wí fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn tí ó fi ọmọnìkejì rẹ̀ ṣọ́ bọ́ílà kò gbọdọ̀ hùwà ẹyẹ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé agogo ìdágìrì sí yàrá tí a ti ń darí ẹ̀rọ, láti Ìkẹjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìjọ́sí pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn onílé-iṣẹ́, títí dé Ògbà àti Agége. Ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí agogo kankan má ṣe dún mọ́ àfi èyí tí òṣìṣẹ́ ní ohun tí yóò dìde ṣe sí, kí dídún rẹ̀ sì ti sọ bí ọ̀ràn náà ṣe le tó.

Ní Milford Haven, nílẹ̀ Wales, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1994, ààrá da ilé ìfọpo Texaco rú láàárọ̀, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ sì bá a jìjàkadì fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Ní ìṣẹ́jú 11 tó kẹ́yìn kí ibẹ̀ tó bú gbàmù, agogo 275 ni ó dún sí òṣìṣẹ́ méjì létí. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú agogo ibẹ̀ ni a ti kà sí kánjúkánjú, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi mọ èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ènìyàn 26 ni ó fara pa. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya.

Níbi tiwa, a kò nílò ààrá: iná ọba a lọ, jẹnẹrétọ̀ a gbà á, ẹ̀rọ a kú, a sì jí, gbogbo agogo a ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ewu kankan. Òṣìṣẹ́ tí ariwo asán ti sú a máa kọ́kọ́ pa agogo lẹ́nu mọ́ kí ó tó bèèrè ohun tí ó ṣe é. Lọ́jọ́ tí ewu gan-an bá dé, ohun tí ó ti mọ́ ọn lára náà ni yóò ṣe.

Nítorí náà, kí ohùn ewu ńlá yàtọ̀ sí ti kékeré bí ìyáàlù ṣe yàtọ̀ sí omele. Kí ó fi nǹkan bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 15 sí 25 borí ariwo yàrá, nítorí èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa da orí ẹni rú, kì í sì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Kí ó má sì jẹ́ ohùn tínrín kan ṣoṣo, nítorí etí tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ kì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Ní ti iye ìgbà tí agogo ń dún, ìwé ìlànà lórí agogo ìdágìrì tí a ń pè ní EEMUA 191, tí ó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999, ní kí agogo má ju bí ọ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú 10 nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé.

Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nínú èyí. Kí àjọ tí ó ń bójú tó ààbò ní Ìpínlẹ̀ Èkó gba ìwé agogo lọ́wọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́: kí ni agogo kọ̀ọ̀kan ń kìlọ̀, kí ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ni ó ní láti ṣe é? Kí àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru wà níbi tí a ti ń kọ ìwé náà; agogo tí wọn kò bá sì rí èsì fún, ẹ̀yin onílé-iṣẹ́, ẹ yọ ọ́.