Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Frank Zappa Lódindi

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá Frank Zappa ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, àwo orin tó ti gbé jáde lé ní 60. Bẹ́ẹ̀, apá kan nínú iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà yìí, tó ń ta gìtá tó sì ń darí báǹdì rọ́ọ̀kì tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, ṣì fọ́n káàkiri títí dòní. Apá náà ni àwọn eré ojú agbo tí ilé iṣẹ́ rédíò gbé sáfẹ́fẹ́. Ó tọ́ kí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ kó wọn jọ, kí wọ́n sì gbé wọn jáde lódindi, láìgé ohunkóhun kúrò.

Ìdí ni pé Zappa kì í sábà fi eré sílẹ̀ bó ṣe wáyé. Bí aránṣọ tó ń fi àjákù aṣọ rán ẹ̀wù tuntun ló ṣe ń lo téèpù. Ọ̀pọ̀ gìtá tí à ń gbọ́ nínú Joe's Garage, tó jáde lọ́dún 1979, ojú agbo ló ti kọ́kọ́ ta wọ́n, nínú orin mìíràn, kó tó gé wọn wá lẹ̀ mọ́ orin tuntun. Nínú “Rubber Shirt”, tó wà nínú Sheik Yerbouti lọ́dún kan náà, ẹni tó ta béèsì àti ẹni tó lu ìlù kò jọ ṣe é pọ̀. Téèpù ló so wọ́n pọ̀. Kódà nínú You Can't Do That on Stage Anymore, ìdìpọ̀ mẹ́fà eré ojú agbo tó gbé jáde láàárín 1988 sí 1992, “King Kong” kan ṣoṣo pa báǹdì ọdún 1971 pọ̀ mọ́ ti 1982. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí báǹdì náà lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, kò lè rí i níbẹ̀. Rédíò kò ráyè irú àtúntò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní èyí lòdì sí ìfẹ́ olóògbé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti Beat the Boots? Lọ́dún 1991, òun àti ilé iṣẹ́ Rhino mú àwọn àwo tí àwọn olè fi eré rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé wọn jáde bí wọ́n ṣe rí. Eré Stockholm ọdún 1967, tí rédíò Sweden gbé sáfẹ́fẹ́, wà lára wọn. Lóòótọ́, nítorí kí owó má bàa wọ àpò olè ló ṣe ṣe é, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń dún. Síbẹ̀, kò kà á sí èèwọ̀. Àwọn àjogún rẹ̀ náà gbé gbogbo eré mẹ́fà tó ṣe ní Palladium, New York, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977 jáde lọ́dún 2017, iyì rẹ̀ kò sì dín kù.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn téèpù yìí kò dún dáadáa, àti pé wọ́n ti wà lọ́jà. Wíwà tí wọ́n wà lọ́jà gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ẹni tó ń ta ẹ̀dà ẹ̀dà láìgbàṣẹ kò ní ìdí láti wá ojúlówó téèpù lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, tàbí láti kọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ gbogbo ẹni tó ṣeré sára páálí. Láti ọdún 1961 ni Àdéhùn Róòmù ti fún òṣèré àti ilé iṣẹ́ rédíò ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àkójọ tó bófin mu nìkan ló lè san ẹ̀tọ́ àwọn onílù àti onífèrè tó gbé orin Zappa ró, kó sì fún olùgbọ́ ní ìtàn tó ṣe é gbára lé.