Àgbáyun Kì í Ṣe Àwárí Òyìnbó

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé, ní Sábó àti Yábàá níhìn-ín, pé Òyìnbó ni ó fi àgbáyun han aráyé. Lóòótọ́, ní ọdún 1725 ni ará Faransé nì, des Marchais, ròyìn èso pupa kékeré náà. Ṣùgbọ́n kí ni ó rí? Ó rí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹun! Ẹni tí ó bá olóko nínú oko, tí ó wá ní òun ni òun rí oko náà, orúkọ wo ni kí á pè é?

Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ èròjà inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n pè ní miraculin. Èròjà yìí a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n, bí ohun kíkan bá sì kàn án, adùn ni ẹnu yóò gbọ́. Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti jẹ àgbáyun, ògì kíkan àti ẹmu kíkan kò lè mú un fajú ro. Ní 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi àṣẹ sí títa èso náà ní gbígbẹ.

Èmi kò bá Òyìnbó jà. Àwa gan-an ni mo ń bá wí. Igi kékeré ni àgbáyun. Abẹ́ òjìji àwọn igi gíga ni ó fẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti di igbó ọba láti 1925, UNESCO sì gbà á sínú ìwé tirẹ̀ ní 1977. Síbẹ̀ wọ́n gé ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi gmelina àti kòkó dípò. Àwọn kan a sì máa dáhùn pé igi kò ju igi lọ. Ó dára! Ṣé wọ́n lè kó irúgbìn àgbáyun sínú agolo bí àgbàdo, títí di ìgbà tí ó bá wù wọ́n? Bí ó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Igbó nìkan ni àká rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò di olùkọ́ lè ya ápù sójú pátákó láìwo ìwé, èso tí kò so ní àgbàlá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ fi ewé àgbáyun hàn wọ́n, kí ẹ wo ojú wọn! Ilé-ìwé tí ó bá ní igi ńlá kan ṣoṣo, kí ó gbin èso tútù rẹ̀ sábẹ́ òjìji náà ní àkókò òjò, kí ó sì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn. Kì í tètè dàgbà; nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò tó so.